Ẹ̀tù Dúdú àti Ẹ̀tù Aláìléèéfín

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi ọwọ́ ara wọn rọ ọta ìbọn ní ilé. Àgbà nínú wọn a máa fi ẹ̀tù kékeré bẹ̀rẹ̀, a yin ìbọn náà, a yẹ ọta wò, kí ó tó bu ìwọ̀nba díẹ̀ lé e. Ìtàn ni ó kọ́ wọn ní sùúrù yìí.

Ago idẹ kékeré ni ọta. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, òjé dí i lẹ́nu, ohun kan tí ń ṣáná bí a bá lù ú sì wà ní ìdí rẹ̀. Bí ìbọn bá ti dún tán, ago idẹ náà kù, a sì lè tún un rọ. Ní nǹkan bí 1870 sí 1880, àwọn ọdẹ tí ń pa ẹfọ̀n ní pápá ńlá Amẹ́ríkà jìnnà sí ọjà, idẹ sì wọ́n. Nítorí náà ní alẹ́, lẹ́bàá iná àgọ́, wọn a yọ́ òjé, wọn a sì rọ ọta ọjọ́ kejì. Ní 1884 John Barlow dá ilé iṣẹ́ Ideal sílẹ̀ ní New Haven, ó ń ṣe ẹ̀mú kékeré tí a lè fi ṣe iṣẹ́ yìí lórí tábìlì.

Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń lò nígbà náà, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń dà sínú ṣakabùlà. Ago fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n: bí ó bá kún, ó tó.

Ní 1884 kan náà ni Paul Vieille, ará Faransé, ṣe ẹ̀tù aláìléèéfín. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀tù dúdú púpọ̀ ń ṣe. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó ti dé ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ewu sì bá a wọlé. Ẹni tí ó ti ń kún ago láti ìgbà èwe rẹ̀, bí ó bá fi ẹ̀tù tuntun kún un, ìbọn rẹ̀ lè fọ́ mọ́ ọn lójú.

Ẹ wo ọta ìbọn ìléwọ́ tí à ń pè ní .38 Special, tí Smith & Wesson gbé jáde ní nǹkan bí 1898. Ago rẹ̀ gùn nítorí pé ẹ̀tù dúdú ni wọ́n kọ́kọ́ rọ sínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tù tuntun gba ipò, ìsàlẹ̀ ago nìkan ni ó ń gbà, òkè rẹ̀ ṣófo. Bí ọkàn ẹni tí ń rọ ọ́ bá ṣí lọ, ó lè da ẹ̀tù sínú ago kan lẹ́ẹ̀mejì, ago náà kò sì ní kún àkúnwọ́sílẹ̀ kí ó fi mọ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe yìí burú ju ti ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ agbára, nítorí kò sí ohun tí ó kìlọ̀ fún un. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń to àwọn ago sórí pákó, tí wọ́n sì ń fi iná wo inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi òjé dí i.

Ògbóǹtarìgì pàápàá kò yọ. Ní 4 July 1925, ìbọn ìléwọ́ Colt .45 fọ́ lọ́wọ́ Elmer Keith, òǹkọ̀wé nípa ìbọn. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó mú.44 Special, tí irin àgbá rẹ̀ nípọn jù, ó sì ń fi agbára kún un fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ti ń wọgbà díẹ̀díẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni .44 Magnum ti jáde ní nǹkan bí 1955.

Ní 1937 Philip Sharpe tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí iṣẹ́ yìí. Lónìí, àwọn tí ń ṣe ẹ̀tù ni wọ́n ń tẹ òṣùwọ̀n tiwọn: iye tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, àti iye tí a kò gbọdọ̀ kọjá, fún ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òjé kọ̀ọ̀kan. Iye ti ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú.