Ta Ni Ìyì Tọ́ Sí? Ẹjọ́ Hakeem Ọlájùwọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí àdúgbò kan bá wà ní Èkó tí òwe yìí bá mu, Ìgbóṣèrè ni, nítorí ibẹ̀ ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dáná sun ún ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020. Ẹni tí ó bá ń gbé nítòsí ilé ẹjọ́ kì í pẹ́ mọ ẹjọ́ rò. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ogún àti ẹjọ́ oyè lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí kò dé iwájú adájọ́ kankan rí, tí wọn kò sì yé rò: ẹjọ́ Hakeem Ọlájùwọ́n.

Èkó ni wọ́n ti bí Ọlájùwọ́n, ní ọjọ́ 21 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1963. Ó ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó máa gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1980 ó lọ sí Yunifásítì Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1984, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí ó wọ ìdíje NBA lọ́dún náà, ẹgbẹ́ Houston Rockets sì ni ó mú un. Michael Jordan pàápàá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n mú un.

Láti ọdún 1956 ni NBA ti ń fi àmì ẹ̀yẹ dá agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lọ́lá lọ́dọọdún. MVP ni wọ́n ń pe àmì ẹ̀yẹ náà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ni ó ń dìbò fún un tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti sáà 1980 sí 1981 ni ìbò náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníròyìn. Ohun méjì ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí rẹ̀. Èkíní ni pé orúkọ rẹ̀ kò là á yé ènìyàn. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, ṣé ẹni tí ó mọ eré ṣe jùlọ ni a ó sọ ni, tàbí ẹni tí ó wúlò jùlọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ṣe, ọ̀tọ̀ ni ìwúlò. Èkejì ni àsìkò ìbò. Eré 82 tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú sáà ni a ń fi ìbò dá ẹjọ́ lé lórí. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìdíje fún ife lẹ́yìn náà kò sí nínú rẹ̀.

Ẹjọ́ ọdún 1995 ni àwọn ará Èkó máa ń rò jùlọ. David Robinson ti ẹgbẹ́ San Antonio Spurs ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ti Houston pàdé ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́ níṣojú Ọlájùwọ́n, kí eré kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọlájùwọ́n gba ayò 41 wọlé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Houston ṣẹ́gun pẹ̀lú eré mẹ́rin sí méjì, wọ́n sì tún na Orlando Magic ní eré mẹ́rin sí òdo láti gba ife. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn wa ti ń sọ pé wọ́n rẹ́ ọmọ wa jẹ.

Èmi kò bá wọn dá a bẹ́ẹ̀. Nínú eré 82 tí ìbò dá lé, San Antonio borí nínú 62, Houston borí nínú 47. Eré 81 ni Robinson gbá, 72 ni Ọlájùwọ́n gbá. A kò lè fi ẹ̀rí tí ó dé lẹ́yìn ìdájọ́ dá adájọ́ lẹ́bi.

Ọdún 1993 ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Charles Barkley ti Phoenix Suns ni wọ́n fún, Ọlájùwọ́n ṣe ìkejì. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti Barkley ná. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó borí nínú eré jùlọ lọ́dún náà, òun náà sì mọ bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn ju Ọlájùwọ́n lọ. Wọ́n ní dídé rẹ̀ ni ó sọ Phoenix di ńlá. Ṣùgbọ́n Phoenix ti borí nínú eré 53 ní sáà tí ó ṣáájú kí ó tó dé. Ó di 62. Houston kúrò ní 42, ó di 55. Mẹ́sàn-án ni ti àkọ́kọ́ fi lé, mẹ́tàlá ni ti èkejì. Ayò tí Ọlájùwọ́n ń gbà wọlé nínú eré kọ̀ọ̀kan ju ti Barkley lọ díẹ̀, òun náà ni wọ́n sì yàn ní ẹni tí ó mọ ilé ṣọ́ jùlọ nínú gbogbo ìdíje náà lọ́dún yẹn. Bí ìwúlò bá ni a ń wá, Ọlájùwọ́n ni ó tọ́ sí.

Ọdún kejì ni ó gbà á. Àmì ẹ̀yẹ MVP, ti ẹni tí ó mọ ilé ṣọ́ jùlọ, àti ti ẹni tí ó ta yọ jùlọ ní àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ ni ó gbà ní sáà kan náà. Ẹnikẹ́ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tíì ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ní nítorí pé Jordan ti fi eré sílẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1993 ni. Wọ́n gbàgbé pé Jordan wà níbẹ̀ nígbà ìbò ọdún 1993, ipò kẹta ni ó sì wà, lẹ́yìn Ọlájùwọ́n.

Nígbà tí ó di ọdún 2019, ẹjọ́ mìíràn dé. Giannis Antetokounmpo, tí a bí sí ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì, ń bá James Harden du àmì ẹ̀yẹ náà. Yorùbá kò nílò atúmọ̀ láti mọ̀ pé Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Gíríìkì ti kọ ọ́ bí ó ti wù wọ́n. Houston tí Ọlájùwọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún ni Harden wà, ó sì ń gba ayò tí ó lé ní 36 wọlé nínú eré kọ̀ọ̀kan. Milwaukee Bucks ti Giannis borí nínú eré 60. Àwọn kan nínú wa tí wọ́n ní iye eré tí San Antonio borí kò já mọ́ nǹkan kan, àwọn náà ni wọ́n wá ń ka eré tí Milwaukee borí lé wa lórí. Giannis ni ó gbà á, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ń jẹ́ kọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀.

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a máa yí òṣùwọ̀n padà nítorí rẹ̀. Bí a bá ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ní ibi tí wọn kò ti rẹ́ ẹ jẹ, ta ni yóò gbà wá gbọ́ nípa ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ ní tòótọ́? Òṣùwọ̀n kan náà tí ó dá Robinson láre ní ọdún 1995 ni ó dá Ọlájùwọ́n láre ní ọdún 1993. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ti èkejì ní láti gba ti èkíní.