Ta ló sọ ọ́? Al-Razi àti àwọn tó ń kọ̀wé ìṣègùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí ẹnì kan bá ka hádíìsì sí yín létí, ẹ máa ń béèrè ẹni tó gbà á wá. Irú ìbéèrè yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn náà.

Abu Bakr al-Razi, oníṣègùn ará Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà, kú ní nǹkan bí ọdún 925. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ di ìwé ńlá tí à ń pè ní al-Hawi. Bó bá mú ọ̀rọ̀ Galen níbẹ̀, á dárúkọ Galen. Bó bá jẹ́ ti Hippocrates, á dárúkọ rẹ̀. Bó bá wá kan ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí lára aláìsàn, á kọ "lī", ìyẹn "tèmi". Ọ̀rọ̀ kékeré gbáà!

Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn ìṣègùn pọ̀, kálukú sì ní bó ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ orísun. Ní 1978, àwọn olóòtú kan pàdé ní Vancouver, ní Kánádà, kí wọ́n lè fẹnu kò. Nọ́ńbà ni ìlànà wọn: orísun tó kọ́kọ́ jẹ yọ ni 1, èyí tó tẹ̀lé e ni 2, bí 1 bá tún jẹ yọ, 1 náà ni yóò máa jẹ́.

Iṣẹ́ tó ń súni ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ká ní 7 ṣèèṣì di 8 níbi tí ẹ ti sọ ìwọ̀n oògùn ọmọdé: dókítà tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò á bá ara rẹ̀ nínú ìwé àìsàn mìíràn. Ìwé tí ẹ kò ṣí rí ńkọ́? Ẹ má tò ó mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ á gbà pé ẹ ti kà á.