Yúnyún: Ewé Olódòdó Ìyeyè ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Abẹ́òkúta, ewéko kan a máa tan òdòdó ní ẹ̀bá ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Òdòdó rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n. Ewé rẹ̀ rí ṣákiṣàki lọ́wọ́, méjì méjì ni wọ́n sì ń kọjú sí ara wọn lórí igi rẹ̀. Yúnyún ni à ń pè é. Àwọn mìíràn a máa pè é ní yúnrinyún. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko ni Aspilia africana. Kò ti òkè òkun wá. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ níwájú wọn, tẹ̀dó sí abẹ́ Òkúta Olúmọ lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Ìlú tuntun túmọ̀ sí igbó ṣíṣán, ibi tí a bá sì ti ṣán igbó ni yúnyún ti í kọ́kọ́ jáde. Ogun kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, tọkùnrin tobìnrin, kọlu ìlú náà. Wọ́n tún padà wá ní 1864. Ìlú tí ogun ń yọ báyìí kò lè kóyán ewé tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kéré. Iṣẹ́ tí a mọ yúnyún sí jù lọ nìyí: a ó gún ewé tútù rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nsukka gbé ìwádìí jáde lórí iṣẹ́ kan náà, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Láàárín ogun wọ̀nyí ni dókítà òyìnbó kan, Edward George Irving, ń ṣa ewéko jọ ní Abẹ́òkúta kí ó tó kú ní 1855. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ igi òro, tí a ń fi èso rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n, ní Irvingia. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé igi tí ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ ń jẹ́ orúkọ àlejò kalẹ̀ káàkiri ayé!

Lójú àwa ọmọ Ọ̀sanyìn, orúkọ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Pierre Verger, ará Faransé tí a tẹ̀ nífá ní Kétu ní 1953, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ *Ewé* (1995) pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ ewé ni ọfọ̀ máa ń gbá mú. Ẹni tó bá gbọ́ yúnyún yóò gbọ́ yún, ìyẹn lílọ àti bíbọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń wá a, kí oníbàárà lè máa yún wọn lọ yún wọn bọ̀.

Ohun tó ń dùn mí nísinsìnyí ni oògùn apako tí a ń fọ́n sí gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà, àti jogbo tí ó ti gba ilẹ̀. Jogbo, tí òdòdó tirẹ̀ náà jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ti ilẹ̀ Mẹ́síkò wá. Àwọn ọ̀dọ́ ń já a ní orúkọ yúnyún. Ẹ wò ó dáadáa: jogbo a máa ga ju ènìyàn lọ, ewé rẹ̀ a là bí ìka ọwọ́, òdòdó rẹ̀ a sì tóbi, yúnyún kì í sábà ga ju àyà lọ, ewé rẹ̀ kò là, òdòdó rẹ̀ sì kéré.

Ó sàn kí a gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé. Irúgbìn rẹ̀ kì í hù dáadáa nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ gé igi rẹ̀ tó ti gbó díẹ̀, kí ó gùn tó ìbú ọwọ́ méjì, kí ó sì ní ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ rì í dé ìdajì sínú ilẹ̀ tí omi kì í dá dúró sí nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀. Ẹ fi ìbòòji díẹ̀ bò ó títí yóò fi ta gbòǹgbò, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á. Ilẹ̀ olókùúta Abẹ́òkúta kò dí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá gé e, ìdí rẹ̀ yóò tún rú. Àwọn tó ń sin ehoro yóò sì bá yín pín in. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kò gbọdọ̀ mu omi rẹ̀, ọgbẹ́ tó bá sì jìn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.