Ta Ní Ń Wo Inú Ìwé? Ìtàn Àyẹ̀wò Pátẹ́ǹtì Láti Òkè Òkun Dé Ọjà Balógun

Àwọn ọdẹ ilẹ̀ òkèèrè ní awò kan tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn, kí ẹran tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè sún mọ́ ojú wọn. Dígí wà níwájú awò náà, dígí wà lẹ́yìn rẹ̀, eruku àti òjò ò sì jẹ́ kí dígí gbádùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ọmọrí fún un. Òmíràn jẹ́ rọ́bà tí wọ́n kàn ń fà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Òmíràn ní sípíríǹgì, tó jẹ́ pé bí ọdẹ bá ti fi ìka kàn án, ó ti ṣí. Bí ẹnì kan bá gbé irú ọmọrí bẹ́ẹ̀ dé, tó ní òun lòún kọ́kọ́ rò ó, tó sì ń fẹ́ kí òfin dá gbogbo ayé lẹ́kun láti ṣe irú rẹ̀, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ló sọ?

Ìwé tí onítọ̀hún ń bèèrè ni à ń pè ní pátẹ́ǹtì. Àdéhùn ni láàárín ìjọba àti ẹni tó dá àrà tuntun. Ó máa ṣàlàyé ọgbọ́n rẹ̀ ní kíkún kí ará ìlú lè kọ́ ọ, ìjọba yóò sì fún un ní iye ọdún kan tí ẹlòmíràn ò fi ní lè ṣe é láìgba àṣẹ. Apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé náà ni ibi tí ó ti ń pààlà, tó ń sọ pé láti ibí títí dé ibẹ̀ ni tòun. Bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ààlà oko ni. Bí ó bá gbìn ín jìnnà jù, ó ti wọ oko olóko. Bí ó bá sì gbìn ín sún mọ́lé jù, ó ti fi ilẹ̀ ara rẹ̀ tọrẹ.

Iṣẹ́ olùyẹ̀wò ni láti rin ààlà yẹn. Yóò tú ọmọrí náà palẹ̀ lórí ìwé: ìdè tó so ó mọ́ awò, sípíríǹgì, ibi tí ìka ń tẹ̀, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò máa wá ìwé àtijọ́ kiri. Ṣé ìwé kan wà tó ti sọ gbogbo èyí papọ̀ rí? Bí ó bá wà, ọmọrí náà kì í ṣe tuntun. Bí kò bá sí, ìbéèrè tó le jù kù. Ká ní ìwé kan sọ nípa ọmọrí awò, tí òmíràn sì sọ nípa ìdérí onísípíríǹgì tó wà lára kámẹ́rà, ṣé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ò ní tọwọ́ bọ ibi méjèèjì kó sì so wọ́n pọ̀ láìronú púpọ̀? Níbí ni àríyànjiyàn ti máa ń pọ̀ jù, torí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ohun kan tán, ó máa ń dà bíi pé ó rọrùn.

Ilẹ̀ Venice ti ṣòfin irú ẹ̀tọ́ yìí ní 1474, Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1624. Ṣùgbọ́n ìtàn Amẹ́ríkà ló kàn wá jù. Ní 1790, àwọn mínísítà mẹ́ta ló ń fúnra wọn ka ìwé ìbéèrè, Thomas Jefferson sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ ìjọba mìíràn ò jẹ́ kí wọ́n ráyè, nígbà tó sì di 1793 òfin tuntun pa àyẹ̀wò tì: ẹni tó bá ti sanwó, tí ìwé rẹ̀ pé, yóò gba pátẹ́ǹtì. Ọdún 43 ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì ń gba ìwé lórí ohun kan náà, àwọn mìíràn ń fi ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú gba owó lọ́wọ́ aláìmọ̀kan. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà sú wọn ni Sẹ́nétọ̀ John Ruggles dìde, òfin 1836 sì dá àyẹ̀wò padà. Láti ìgbà náà, ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ń là á yé àwọn ènìyàn ohun tí ọgbọ́n tuntun jẹ́. Ní 1851, ẹjọ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn kan dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Àwọn tó ni pátẹ́ǹtì náà fi amọ̀ ṣe ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí àwọn ènìyàn ti ń fi igi àti irin ṣe tẹ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní iṣẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ tó mọṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó dá àrà.

Mo máa ń rántí ọwọ́ ìlẹ̀kùn yẹn tí mo bá rí gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní áútò-gèlè, tí ìyàwó ilé kàn ń gbé lé orí bíi fìlà. Àrà ni, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ obìnrin nínú wàhálà àárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀, olùyẹ̀wò máa bi í pé: kí lo fi kún un? Bí o bá kàn rán ohun tí wọ́n ń wé, ó ṣòro. Bí o bá ṣe ìdè kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bá orí ńlá àti orí kékeré mu, tí ẹnì kan ò rò ó rí, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ní Èkó tiwa, tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, 1900 ni òfin pátẹ́ǹtì kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn ìdàpọ̀ 1914, òfin kan ṣoṣo wá fún gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Èyí tó dùn mí jù ni ti 1925. Òfin ọdún náà sọ pé kò sí pátẹ́ǹtì kankan ní Nàìjíríà àfi èyí tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ gbà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gbà á níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta láti wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ẹ wò ó dáadáa. Alágbẹ̀dẹ tó bá dá àrà ní Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, kó sanwó nílẹ̀ òkèèrè, kó tó lè dá aládùúgbò rẹ̀ lẹ́kun. Ojú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi ń wo ọgbọ́n wa, ojú náà ò sì ríran tán: láti 1905 ni àwọn olùyẹ̀wò ibẹ̀ ti ń wá ìwé ọdún 50 sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ohun kan jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n òfin 1977 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n yẹ ìbéèrè kejì wò, bóyá ó gba ọgbọ́n.

Ìjọba ológun wa ṣe òfin tuntun ní 1970, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1971. Ó dá wa sílẹ̀ lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, èyí sì dára. Ó ní àrà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó má hàn gbangba láti inú ohun tó ti wà, kó sì ṣeé lò nílé iṣẹ́. Ọdún 20 ni ẹ̀tọ́ náà. Ṣùgbọ́n abala kẹrin ní kí Rẹjísítírà pátẹ́ǹtì wo bóyá ìwé pé nìkan. Bí ó bá pé, kó fọwọ́ sí i, kó má yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun náà jẹ́ tuntun tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Abala náà tún sọ pé ọrùn ẹni tó gba pátẹ́ǹtì ni ewu rẹ̀ wà, ìjọba ò ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ ní 1836 ni a wà, a sì ti kọjá ọdún 50 níbẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni yóò wá wo inú ìwé náà, nígbà tí ìjà bá ti dé. Ẹni tí kò lówó lọ́yà ò ní débẹ̀.

Mi ò gbà pé ó yẹ kó rí báyìí. Àwọn aládùúgbò wa ò dúró lójú kan. Ní Bamako, oṣù Kejìlá 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú OAPI, àjọ kan tó ń fúnni ní pátẹ́ǹtì ní Áfíríkà, tí Benin àti Togo jẹ́ ara wọn, fẹnu kò láti fi àyẹ̀wò inú ìwé sínú òfin wọn. Gánà wà nínú ARIPO, irú àjọ bẹ́ẹ̀ mìíràn, tó ti ní àwọn olùyẹ̀wò tirẹ̀. Nàìjíríà ò sí nínú ọ̀kankan nínú àjọ méjèèjì. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olùyẹ̀wò díẹ̀ tó mọ̀ nípa oògùn àti ẹ̀rọ oko, ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọjà Balógun, ọjà aṣọ ní Èkó, ní ìdí mìíràn láti fetí sí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin 1970 kan náà ló ń tọ́jú àwòrán ara aṣọ, ọdún márùn-ún ni, wọ́n sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ìdíje lórí àwòrán ti pẹ́ nínú òwò yìí: ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ebenezer Brown Fleming, oníṣòwò Glasgow, ti ń fi orúkọ àwòrán àwọn aṣọ tó ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, ìyá oníbàárà tó mọ aṣọ Họ́láńdì yóò kọ́kọ́ yí etí aṣọ padà kó tó na owó, kó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kó fọwọ́ pa á. Àyẹ̀wò gidi nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-ọwọ́ ò mọ̀ ni pé òfin wa ka ohun tí ará ìlú ti rí níbikíbi láyé sí ohun àtijọ́, ìbáà jẹ́ ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí lílò. Ọjọ́ tí o bá gbé àrà rẹ kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Balógun kí ìwé rẹ tó wọlé, kì í ṣe tuntun mọ́, ìwọ fúnra rẹ lo sì sọ ọ́ di àtijọ́. Ibi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni òfin yọ sílẹ̀, bí ìwé rẹ bá wọlé láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìpàtẹ náà.