Ọ̀kẹ́rẹ́ Eléérú: Olùwà ni àbí Àbọ̀?

Ẹni tó bá ti gba inú ọgbà ìgbafẹ́ kan kọjá rí ní Lọ́ńdọ̀nù á ti pàdé ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú. Kì í bẹ̀rù èèyàn. Á dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, á tẹjú mọ́ ọwọ́ ẹni bóyá ẹ̀pà wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde tí wọ́n ń gbé lọ́hùn-ún máa ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, àwọn mìíràn a sì máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹran ọbẹ̀ ń rìn kiri láìsí ọdẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fura sí ni pé ẹranko yìí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ Ìlú Ọba rárá. Àríwá Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ni onílé níbẹ̀, òun náà ló sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí.

Bí àwọn oníròyìn Ìlú Ọba bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú ya wọ ìlú, ó gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Àwa tí a ń jẹ gírámà Yorùbá láàárọ̀ lálẹ́ kò lè gbọ́ irú gbólóhùn yìí kí a má wo olùwà rẹ̀. Nínú gbólóhùn tiwọn, ọ̀kẹ́rẹ́ ni olùwà. Òun ló ṣe é. Nínú ìtàn gan-an, àbọ̀ ni ó jẹ́: wọ́n gbé e, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n fi ta ara wọn lọ́rẹ. Ta wá ni “wọ́n”?

Ẹni àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà ni Thomas Unett Brocklehurst, tó tú ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú sílẹ̀ sínú ọgbà rẹ̀ ní Henbury Park, ní Cheshire, ní ọdún 1876. Ẹwà lásán ló wá. Láyé ìgbà náà, àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti máa kó ẹranko àti òdòdó ilẹ̀ òkèèrè sí àgbàlá wọn, bí àwọn olówó tiwa ṣe ń sin ọ̀kín. Ní 1890, wọ́n tú mẹ́wàá sílẹ̀ ní Woburn, ilé àwọn Duke ti Bedford, ibẹ̀ ni iná sì ti ràn. Láti Woburn ni ẹ̀bùn ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń lọ káàkiri. Láàárín 1905 sí 1907, wọ́n tú 91 sílẹ̀ ní Regent's Park, láàárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1911, wọ́n gbé àwọn kan sọdá omi lọ sí Castle Forbes ní Áílándì, ìtàn tí wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ ni pé ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni. Ẹ wo ẹ̀bùn! Cecil Rhodes náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ka ìtàn Áfíríkà, kó tirẹ̀ lọ sí Cape Town. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Bóyá ẹnì kan á sọ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni èèyàn gbé, pé ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tó kù. Ó rìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù gbé èsì àyẹ̀wò àbùdá jáde ní 2016, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú tó wà ní Aberdeen, lókè lọ́hùn-ún ní Skọ́tíláǹdì, bá àwọn ti New Forest tan, nísàlẹ̀ pátápátá ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọ̀kẹ́rẹ́ tó lè fò láti igi dé igi dé ibẹ̀ láì fi ìbátan kankan sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọwọ́ èèyàn ló gbé e.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni owó tí wọ́n ń san lórí òkú ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́. Ní 1749, nígbà tí Pennsylvania ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ibẹ̀ ń san tọ́rọ́ kan lórí ọ̀kẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan nítorí àgbàdo tí wọ́n ń jẹ lóko. Ẹgbàágbèje ni wọ́n pa: iye tí wọ́n sanwó lé lórí lọ́dún yẹn tó 640,000. Kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà, ní 1847, tí àwọn ará Philadelphia, nínú Pennsylvania kan náà, tú mẹ́ta péré sílẹ̀ sí Franklin Square kí ojú ìlú lè dùn ún wò, wọ́n sì ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹranko kan náà ni o. Ohun tí èèyàn ń fẹ́ ló yí padà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa pàápàá ti jẹ nínú ìyà náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó run ní Skọ́tíláǹdì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n kó òmíràn wá láti ìta láti fi dípò. Ó gbilẹ̀, ó ń bó èèyo igi jẹ, ni àwọn onígbó bá dá Highland Squirrel Club sílẹ̀ ní 1903 láti máa pa á. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tí wọ́n pa láàárín ọgbọ̀n ọdún lé ní 80,000. Ọdún 1903 yẹn náà ni Beatrix Potter tẹ ìwé àwọn ọmọdé rẹ̀ jáde lórí ọ̀kẹ́rẹ́ pupa kan tó ń jẹ́ Nutkin. Bí àwọn ọmọ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí Nutkin nínú ìwé ni ìbọn ń dún lẹ́yìnkùlé.

Ìgbà tó yá ni gbogbo ẹ̀sùn wá kó sórí eléérú. Ní 1937, òfin dè é: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o wọ̀lú mọ́, wọn kò gbọdọ̀ sìn ín nílé, wọn kò sì gbọdọ̀ tú u sílẹ̀. Ní 1953, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san ṣílè kan lórí ìrù kọ̀ọ̀kan, ó tún sọ ọ́ di ṣílè méjì. Wọ́n dá a dúró ní 1958 nítorí owó ń lọ, ọ̀kẹ́rẹ́ ò dín.

A kò sọ pé eléérú kò ṣe nǹkan kan o. Ó gba oúnjẹ mọ́ pupa lẹ́nu: ikùn rẹ̀ máa ń da èso igi óákù dáadáa ju ti pupa lọ, ó sì sanra jù ú. Èyí tó burú jù ni àrùn kan tó fara jọ ilẹ̀ẹ́gbóná. Ó lè wà lára eléérú láì ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó bá ran pupa, egbò á bo ojú àti ẹnu rẹ̀, láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì ó ti kú. Lónìí, a gbọ́ pé eléérú tó wà ní Ìlú Ọba tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ràn ọ̀kẹ́rẹ́ pupa, kò lè ká ọwọ́ gbera kó máa wò. Ní erékùṣù Anglesey ní Wales, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ pàkúté ní 1998, nígbà tó fi di 2013 kò sí eléérú kankan mọ́ níbẹ̀, pupa sì ti padà. Ní Áílándì, ẹranko apẹranjẹ kan tí wọ́n ń pè ní pine marten ló ń bá wọn ṣe iṣẹ́ náà: ibi tí ó bá ti pọ̀, eléérú á dín, pupa á sì tún yọjú. Èèyàn ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa pine marten yẹn náà run tẹ́lẹ̀.

A gbà pé iṣẹ́ Anglesey tọ́. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀ ni kò tọ́ lójú wa, nítorí ó ti yọ Brocklehurst, Duke àti Rhodes kúrò nínú ọ̀rọ̀, ó sì fi ẹni tí wọ́n di sínú apẹ̀rẹ̀ ṣe ọ̀daràn. Bí ọkọ̀ bá gbá ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú kan lónìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí aláàánú kan sì gbé e lọ bá oníṣègùn ẹranko, tí ó tọ́jú rẹ̀ tí ara rẹ̀ yá, òfin kò gbà kí ó tú u padà sórí igi tí wọ́n ti gbé e.