Awakọ̀ Tàbí Ọlọ́kọ̀: Ta Ni Òfin Ń Bá Wí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ dáńfó láti Ìbàfò lọ sí Mowé. Wọ́n dá wa dúró lójú ọ̀nà. Láísẹ́ǹsì awakọ̀ pé, àmọ́ ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé tó ń jẹ́rìí pé ọkọ̀ náà yẹ lójú pópó. Ó ní, "Ọ̀gá tó ni mọ́tò ló yẹ kó ṣe é." Ọ̀gá wà nílé, awakọ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú oòrùn. Ta wá ni òfin ń bá wí?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò ní Ìfọ̀ tipẹ́. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin náà láti Èkó, ìjọba ló sì ni ín. Mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé bọ́lẹ̀kájà, ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè ra ọkọ̀, kó fa kọ́kọ́rọ́ lé awakọ̀ lọ́wọ́, kó máa retí owó.

Ní 1978, wọ́n ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gba Ìbàfò àti Mowé kọjá. Eré pọ̀ sí i, ikú náà kò dínkù. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, ni alága wọn àkọ́kọ́.

Ní 2007 ni FRSC wá kọjú sí ọlọ́kọ̀ gan-an. Wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ pé iléeṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka tí yóò máa bójú tó ààbò: ìwé awakọ̀, ìlera rẹ̀, àti àtúnṣe ọkọ̀. Ní 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú ọkọ̀ akérò láti ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù.

Àmọ́ ẹni tó ní dáńfó méjì péré ńkọ́? Ètò ọkọ̀ márùn-ún kò kàn án, bẹ́ẹ̀ ni táyà tirẹ̀ náà ń bẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àlàfo wà. Ìwé ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí a fi ń sá fún ẹ̀ṣọ́. Àdéhùn ọlọ́kọ̀ pẹ̀lú èrò ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé yín lónìí, kí ẹ má fi sílẹ̀ fún awakọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.