Bí Ẹ̀kọ́ Ìwádìí Ìṣègùn Ti Ṣe Dé Ilẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí àwa fẹ́ bá yín sọ ní òní jẹ́ ti ẹ̀kọ́ tí ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọmọ wa bá gba oyè dókítà, inú gbogbo ẹbí a dùn, a ó pa ẹran, a ó sì rò pé ẹ̀kọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ìpele méjì ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní. Ní ìpele kìíní, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀. Ní ìpele kejì, ó ń kọ́ bí a ti ń wádìí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ̀: yóò yan ìbéèrè kan, yóò wá ẹ̀rí sí i láàrin àwọn aláìsàn, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí àwọn àgbà iṣẹ́ náà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtàn ìpele kejì yìí ni a fẹ́ sọ, nítorí pé ilẹ̀ tí kò bá ní i, àlejò ni yóò máa yan èyí tí a ó wádìí nínú àwọn àrùn rẹ̀.

Ní ọdún 1855, nítorí pé ibà ń pa àwọn dókítà òyìnbó ní etíkun wa, Ilé-iṣẹ́ Ogun ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sàró lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó sì yàn wọ́n. Àwọn ni William Davies, ẹni tí í ṣe ọmọ Yorùbá, James Africanus Horton, ẹni tí í ṣe ọmọ Ìgbò, àti Samuel Campbell. Campbell ṣàìsàn, ó sì kú láì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn méjì ìyókù di dókítà ní ọdún 1858. Ní ọdún 1859, Horton kọ ìwé ìwádìí fún oyè gíga ní Edinburgh. Ẹ jẹ́ kí á kíyèsí ohun tí ó yàn. Kò kọ nípa àrùn àwọn ará Edinburgh. Bí ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kan ìlera ènìyàn ni ó kọ.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1889, Obadiah Johnson gba oyè gíga kan náà ní Edinburgh. Òun pẹ̀lú yan ti ilé: ìtọ́jú àrùn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìwé rẹ̀ dá lé. Àbúrò ni ó jẹ́ fún Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Nígbà tí ìwé ìtàn náà sọnù ní ìlú Òyìnbó, tí Àlùfáà sì kú ní ọdún 1901, dókítà yìí ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. A tẹ̀ ẹ́ ní 1921, nígbà tí òun tìkára rẹ̀ ti kú. Nínú iṣẹ́ méjèèjì, ìwà kan náà ni a rí: ó gbà pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa yẹ fún ìwádìí tí ó péye.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1902, ìjọba dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà rẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ aláwọ̀ dúdú. Ìwé ẹ̀rí Edinburgh kò lè ṣí i. Ní ọdún 1930, a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábàá, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ dókítà ni a ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń wádìí ní láti kọjá òkun, kí ó fi àwọn aláìsàn tí ìbéèrè rẹ̀ kàn sílẹ̀ ní ilé.

Ní ọdún 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 1957, a ṣí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí aláìsàn wà ni ibi ìwádìí wà. Àpẹẹrẹ kan tó. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, àwọn ènìyàn wà tí ẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n bí iná, tí wọn kò lè rìn tààrà mọ́, tí ojú àti etí wọn sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, tọ̀ wọ́n lọ. Ó yẹ iṣan wọn wò, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ wọn jù lọ. Ní ọdún 1968 ó tẹ ìwádìí náà jáde, ó sì fi hàn pé oró tí ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ ni ó fura sí. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí mìíràn tún yẹ ọ̀ràn náà wò ní Òṣóṣà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ̀rí tí wọ́n rí kò sì bá ti ìṣáájú mu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtìjú ni èyí fún Ọ̀ṣúntókun. Nítorí pé ó kọ ọ̀nà tí ó gbà sílẹ̀ kedere ni ẹlòmíràn fi lè tọ̀ ọ́, kí ó sì dán an wò. Èyí gan-an ni ẹ̀kọ́ ìpele kejì fi ń kọ́ni.

Ní ọdún 1979, òfin dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ fún àwọn dókítà Nàìjíríà tí ń lọ sí ìpele yìí, ìwé ìwádìí sì wà lára ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gba oyè. Ilé-ẹ̀kọ́ wà nígbà náà. Ohun tí ó kù ni àwa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣì ń lọ sí òkè òkun tí wọn kì í padà. Ẹ má ṣe sọ fún ọmọ tí ó fẹ́ tẹ̀ síwájú pé oyè kìíní ti tó fún un láti jẹun. Bí dókítà ọ̀dọ́ bá sì kan ilẹ̀kùn yín pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí ó ṣàlàyé ohun tí ó ń wá, kí ẹ béèrè èyí tí kò bá yé yín. Bí ó bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a lóhùn ní òtítọ́. Àwọn baba wa wí pé, abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Horton àti Johnson béèrè nípa wa láti ọ̀nà jíjìn. Ní òní, ẹnu ọ̀nà wa ni olùbéèrè dúró sí.